Kòròfo Irin àti Pápá Iná: Àyẹ̀wò Èdè Ìkọ́ni nínú Ẹ̀kọ́ Físíìsì láti Ilé-Ifẹ̀

Ìfáàrà

Àríyànjiyàn lórí bóyá èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé àwọn tí ń jà á kì í sábà mú ẹ̀kọ́ kan pàtó lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní ó ṣeé ṣe a tọ́ka sí iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kò ṣeé ṣe a béèrè ohun tí Yorùbá ń pe ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí í rántí pé ọwọ́ èdè Gíríìkì ni Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti yá a.

Ọ̀nà tí àpilẹ̀kọ yìí gbà yàtọ̀. Ó mú ìbéèrè kan ṣoṣo láti inú ìmọ̀ físíìsì, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ́ nípa iná mànàmáná ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tàbí ní ọdún kìíní yunifásítì kò lè ṣàì pàdé, ó sì fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ àti fún bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ìbéèrè náà ni pé: bí kòròfo irin ròbótó kan bá ru ẹrù iná, báwo ni pápá iná ṣe rí ní inú rẹ̀, ní ara rẹ̀ àti ní ìta rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kúrú, ó sì rọrùn láti há sórí: òdo ni nínú, ní ìta ó dà bí ẹni pé gbogbo ẹrù náà kó jọ sí àárín gbùngbùn. Ọ̀pọ̀ ló mọ gbólóhùn yìí sórí bí ẹni mọ ọfọ̀. Bí wọ́n bá fi kòròfo kejì yí ti àkọ́kọ́ ká, ọfọ̀ náà kò jẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ Ifẹ̀ àti Ibi tí Ó Dúró Sí

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ lórí èdè ìkọ́ni ní ilẹ̀ Nàìjíríà kí ó má kan Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣíwájú rẹ̀, Ford Foundation ló sì ṣe ìrànwọ́ owó. Àwọn ọmọ kíláàsì tí wọ́n fi dán ètò náà wò fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya gbé jáde lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1989 fi hàn pé àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, iwájú ni wọ́n wà.

Ìyìn tọ́ sí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìyìn ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, àyẹ̀wò kò sì tó. Ohun tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì títí dé kíláàsì kẹfà. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí kò dé ibẹ̀. Ọmọ tí ó fi Yorùbá kọ́ bí omi ṣe ń di oruku àti bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa irin wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó bá ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní Gẹ̀ẹ́sì pọ́nbélé, kò sì sí afárá láàrin ìhà méjèèjì. Àwọn ìwé ìperí tí ó tẹ̀ lé e náà kò ṣe afárá yìí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 àti apá kejì rẹ̀ tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Nípasẹ̀ wọn ni olùkọ́ èdè Yorùbá fi ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ohun tí ó fẹ́ sọ nípa sílébù, àfiwé tààrà àti gbólóhùn oníbọ̀. Olùkọ́ físíìsì tí ó wà ní yàrá kejì kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, tí ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òkè. Síbẹ̀, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì kò dúró de mínísítà. Olùkọ́ a kọ ìlànà ìṣirò sára pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, a yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a sì fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Yorùbá ẹ̀bá pátákó yìí ló ń pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ sílé. Kò sí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Iná ìdáná, iná àtùpà àti iná tí ó ń wá tí ó ń lọ nínú ilé, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Àfikún mànàmáná ló ya ẹ̀kẹta sọ́tọ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ sì mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí ohun kan náà ni mànàmáná ojú ọ̀run àti iná tí ń bẹ nínú wáyà. Ìṣòro tí ó kù ni pé nínú ẹ̀kọ́ tí àpilẹ̀kọ yìí mú lọ́wọ́, iná náà dúró sójú kan ni: kò jó, kò tàn, kò ṣàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí iná tí kò ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí yóò máa wo ojú olùkọ́ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọyẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ẹni tí ó bá bọ́ aṣọ ọ̀rá lọ́rùn yóò gbọ́ ìró rẹ̀, irun apá rẹ̀ yóò sì nàró. Iná tí ó dúró sójú kan nìyẹn. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò mọ̀ pé irú àṣefihàn yìí kì í jẹ́ ní oṣù keje, nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa jẹ́ kí ẹrù náà jò dànù kí ojú tó rí i.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ṣáàjì. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣáàjì fóònù, nítorí náà olùkọ́ a rò pé òun ti rí ọ̀rọ̀ tí kò nílò àlàyé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Fóònù tí wọ́n ti ṣáàjì kún kò ru ẹrù iná kankan ní àpapọ̀. Iye aláròpọ̀ tí ó wà nínú bátìrì rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye aláyọkúrò ṣáájú kí wọ́n tó kì í bọ iná àti lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́. Agbára ni wọ́n tọ́jú sínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé ìtumọ̀ ọjà yìí wọ kíláàsì yóò rò pé kòròfo irin tí ó ru ẹrù jẹ́ bátìrì kan tí agbára kún inú rẹ̀, yóò sì yà á lẹ́nu pé inú ibẹ̀ gan-an ni nǹkan kan kò sí. Ẹrù sàn ju ṣáàjì lọ. Ẹrù ṣeé rù, ó ṣeé pín, ó ṣeé sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣeé gbé láti orí ẹnì kan sí orí ẹlòmíràn, gbogbo èyí ni ẹrù iná sì ń ṣe. Ibi tí kò ti bára mu ni pé ẹrù méjì kì í pa ara wọn rẹ́ lórí ènìyàn. Níbẹ̀, owó àti gbèsè ló yẹ kí olùkọ́ mú wá: ẹrù aláròpọ̀ bí owó ọwọ́, ẹrù aláyọkúrò bí gbèsè, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì rí i pé ẹni tí ó ní náírà 6 tí ó jẹ gbèsè náírà 6 kò ní nǹkan kan. Ó sì di dandan kí ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ fi àmì ohùn sí i bí ó ti tọ́, kí ẹrù má baà di ẹ̀rù tàbí ẹrú lójú akàwé.

Ní ti pápá, ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀, ó sì ní ohun rere kan nínú. Pápá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ bóyá àwọn agbábọ́ọ̀lù dé tàbí wọn kò dé. Bákan náà ni pápá iná wà ní àyíká ẹrù kan bóyá ẹrù mìíràn wá síbẹ̀ láti mọ̀ ọ́n lára tàbí kò wá. Ṣùgbọ́n pápá ní ààlà, pápá iná kò ní in: ó ń dín kù bí ènìyàn ṣe ń jìnnà ni, kò sí ibi tí wọ́n ti lè fa ìlà pé ó parí síbí. Sàkáání ìbá bá èrò náà mu jù, nítorí ohun tí ó yí nǹkan ká tí agbára rẹ̀ sì dé ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ èdè sì ti lò ó fún ohun tí ó jọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí pápá borí nítorí pé ó ti wà lẹ́nu. Bí ó bá borí, kí olùkọ́ má ṣe gbàgbé láti wó ọgbà rẹ̀.

Agbára ni èyí tí kò yẹ kí wọ́n fàyè gbà bí ó ti wà. Nínú Yorùbá ẹ̀bá pátákó, ohun mẹ́ta tí físíìsì yà sọ́tọ̀ ló ń jẹ́ agbára: èyí tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á, èyí tí wọ́n ń tọ́jú tí wọ́n sì ń ná, àti bí ó ṣe ń yára tán. Èdè kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi èyí, torí ìpá wà nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ipá mú lọ mọ̀ dáadáa pé ohun kan ti òun láti ìta. Bí ipá bá di ti àkọ́kọ́, tí agbára sì dúró fún èkejì, ìtumọ̀ pápá iná yóò mọ́ kedere: ó jẹ́ ipá tí ẹrù Coulomb kan yóò mọ̀ lára bí wọ́n bá gbé e síbẹ̀.

Ó ku kòròfo. Èèpo kò bá a mu, nítorí èèpo lẹ̀ mọ́ ohun tí ó bò. Ìkarahun náà kò bá a mu, nítorí ẹran ń gbé inú rẹ̀. Kòròfo ni ohun tí inú rẹ̀ ti ṣófo, bí agolo tí wọ́n ti mu mílíìkì inú rẹ̀ tán. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó sọ ohun tí ìbéèrè yìí ń fẹ́ gan-an, kò sì sí nínú ìwé ìperí kankan tí àwọn olùkọ́ ń lò.

Ìdí tí Nǹkan Kan Kò Fi Sí Nínú Kòròfo

Àwọn ìwé físíìsì tí ó wọ́pọ̀ a máa to ẹ̀kọ́ yìí báyìí: òfin Coulomb ṣáájú, òfin Gauss tẹ̀ lé e, òdo inú kòròfo wá gẹ́gẹ́ bí àbájáde. Ìtàn ìmọ̀ náà kò lọ bẹ́ẹ̀. Joseph Priestley ló kọ ọ́ ní ọdún 1767 pé ìgbà tí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ sínú ìkòkò irin tí ó ru ẹrù iná kò mọ ipá kankan lára, ó yẹ kí ipá iná máa dín kù bí agbára òòfà ilẹ̀ ṣe ń dín kù, nítorí Newton ti fi hàn ní ọdún 1687 pé bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí òòfà nínú kòròfo ròbótó. Benjamin Franklin ló kọ́kọ́ kíyè sí i nípa agolo fàdákà kan, òun ló sì sọ ọ́ fún Priestley. Ní ọdún 1773, Henry Cavendish fi kòròfo ròbótó kan sínú òmíràn, ó so wọ́n pọ̀, ó fún wọn ní ẹrù, ó sì bá inú lófìfo. Ọdún 1785 ni Coulomb ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ipá náà ní tààrà. Òfo inú kòròfo ni ẹ̀rí. Òfin ni wọ́n fi ẹ̀rí náà gbà. Olùkọ́ tí ó bá tò ó sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ti gba ìyanu lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Àlàyé rẹ̀ kò sì nílò ìṣirò tí ó le. Kí wọ́n ro kòkòrò kan tí ó wà nínú kòròfo náà, tí kò sí ní àárín gbùngbùn, tí ó sì di iná tọ́ọ̀ṣì olójú méjì mú, ojú kan síwájú, ojú kan sẹ́yìn. Ògiri iwájú sún mọ́ ọn. Ti ẹ̀yìn jìnnà sí i ní ìlọ́po mẹ́ta. Ibi tí iná tọ́ọ̀ṣì tàn sí lára ògiri ẹ̀yìn yóò fẹ̀ ju ti iwájú lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, nítorí pé ògiri ohun ròbótó dagun sí ìlà náà bákan náà ní ìhà méjèèjì. Bí ẹrù iná bá tàn kálẹ̀ dọ́gba, ìlọ́po mẹ́sàn-án ẹrù ló wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nítorí ìlọ́po mẹ́ta ni ọ̀nà fi jìn, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni ipá tí ẹrù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní lórí kòkòrò náà. Mẹ́sàn-án pa mẹ́sàn-án rẹ́. Ìhà ibi yòówù tí ó bá yí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ipá bá yára dín kù ju èyí lọ díẹ̀, ògiri tí ó sún mọ́ ọn yóò borí. Bí kò bá yára tó, ti ọ̀nà jíjìn yóò borí. Èyí ló mú kí Cavendish lè sọ pé iye náà jẹ́ 2, kò yẹ̀ ju ìdá kan nínú àádọ́ta lọ.

Odi Gauss

Òfin Gauss ni irinṣẹ́ tí ń mú ìṣirò rẹ̀ yá, òun náà ni wọ́n sì ń ṣì lò jù. Ó ní kí ènìyàn fi ọkàn mọ odi kan yí ibi kan ká, kí ó ka iye ìlà ipá tí ó gba ara odi náà jáde, kí ó yọ iye tí ó wọlé kúrò. Ohun tí ó kù ń sọ iye ẹrù tí ó wà nínú odi. Ìlú olódi ni Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ láyé àtijọ́, nítorí náà àfiwé kò jìnnà. Bí àwọn oníbodè bá ka gbogbo ẹni tí ó jáde àti gbogbo ẹni tí ó wọlé, ìyàtọ̀ rẹ̀ ń sọ iye tí ó ti inú ìlú fúnra rẹ̀ wá.

Àfiwé yìí kan náà ló tú àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù fó. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ pé: kò sí ẹrù nínú odi, nítorí náà kò sí pápá níbẹ̀. Kò tọ̀nà. Àwọn oníṣòwò tí ó gba ibodè kan wọlé tí wọ́n sì gba òmíràn jáde kò fi nǹkan kan kún ìṣirò oníbodè, síbẹ̀ ọ̀nà kò dá nígbà tí wọ́n ń kọjá. Odi tí kò ní ẹrù nínú tí wọ́n mọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù kan ní ìlà ipá tí ń wọlé tí ń jáde. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ òdo, pápá ibẹ̀ kì í ṣe òdo. Ohun tí ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti ti orí òdo ìṣirò bọ́ sí òdo pápá nínú kòròfo ni pé ohun gbogbo rí bákan náà ní gbogbo ìhà: bí ìlà kan bá jáde níhìn-ín, òmíràn gbọ́dọ̀ jáde lọ́hùn-ún, kò sì sí èyí tí yóò wọlé. Olùkọ́ tí ó bá fò gbólóhùn yìí kọ́ ọfọ̀ ni. Wọ́n tún ní láti tẹnu mọ́ ọn pé odi Gauss kì í ṣe ògiri kòròfo. Èrò ọkàn ni, ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó sì lè gba inú irin kọjá.

Ibi tí Ọ̀rọ̀ ti Ń Ṣiṣẹ́

Orí ìwé kọ́ ni ìperí ti í fi ara rẹ̀ hàn, inú iṣẹ́ ni. Kí kòròfo irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìwọ̀n rẹ̀ láti àárín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ru ẹrù aláròpọ̀ nánò-Coulomb 6. Kí kòròfo kejì yí i ká láìfara kàn án, ara rẹ̀ ti inú wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí àárín, ti ìta wà ní 25, kí àpapọ̀ ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ aláyọkúrò nánò-Coulomb 2. Níbo ni pápá wà, mélòó sì ni?

Ní sẹ̀ǹtímítà 5, odi kò yí ẹrù kankan ká, ohun gbogbo sì rí bákan náà yípo: òdo. Ní sẹ̀ǹtímítà 15, odi yí 6 ká, kòròfo ìta kò sì ní ipa kankan níbẹ̀; E = kQ/r² fúnni ní 54 tí wọ́n fi 0.0225 pín, èyí tí ó jẹ́ Newton 2,400 fún Coulomb kọ̀ọ̀kan, ó sì kọjú síta. Ní sẹ̀ǹtímítà 22, inú irin ni ibẹ̀ wà. Àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irin lè rìn, bí ipá kan bá sì wà níbẹ̀ wọn yóò máa rìn títí ipá náà yóò fi tán; nítorí náà òdo ni pápá ibẹ̀. Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́fọ̀ ń ṣubú sí. Bí pápá bá jẹ́ òdo lára odi tí ó gba inú irin kọjá, àpapọ̀ ẹrù tí odi náà yí ká gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Mẹ́fà aláròpọ̀ wà láàrin. Aláyọkúrò 6 ní láti wá jókòó sí ara kòròfo kejì ti inú. Ṣùgbọ́n aláyọkúrò 2 péré ni kòròfo náà ní. Ẹni tí ó ní gbèsè 2 lápapọ̀, tí gbèsè 6 sì wà lápò inú rẹ̀, owó 4 ní láti wà lápò ìta rẹ̀. Aláròpọ̀ nánò-Coulomb 4 wà ní ara ìta kòròfo tí gbogbo ènìyàn ń pè ní aláyọkúrò. Ní sẹ̀ǹtímítà 30, pápá jẹ́ 36 tí wọ́n fi 0.09 pín, èyí tí ó jẹ́ 400, ó sì kọjú síta.

Kò sí ibì kankan nínú iṣẹ́ yìí tí Yorùbá ti ṣẹ́ kù díẹ̀ káàtó. Àfiwé owó àti gbèsè pàápàá ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kì í ti tètè yé akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀bi tí ó kù, ọwọ́ àwọn alákòójọ ọ̀rọ̀ ló wà. Wọ́n a to ìperí bí ẹni to ẹrù ọjà, wọn kì í sì fi ṣe ìṣirò kan ṣoṣo kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀rọ tí ó Wà ní Ifẹ̀

Ẹni tí ó bá rò pé eré ìwé ni gbogbo èyí lè lọ sí Ibùdó Ìwádìí àti Ìdàgbàsókè Ọ̀ràn Agbára ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni ẹ̀rọ Pelletron tí iṣẹ́ rẹ̀ dé mílíọ̀nù fóòtì 1.7 ti wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi í yára ta àwọn ohun tíntìntín lu erùpẹ̀, eruku afẹ́fẹ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Kòròfo irin kan ló wà láàrin rẹ̀, tí kì í ṣe ròbótó pátápátá ṣùgbọ́n tí òfin kan náà ń darí. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi kóró irin ṣe ń ru ẹrù iná lọ bá kòròfo náà, inú rẹ̀ ni ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ ara ìta ni, ẹrù tí ó ti wà níbẹ̀ ìbá máa ti èyí tí ń bọ̀ padà. Nítorí pé pápá kò sí nínú, ẹrù tuntun a wọlé láìrí ìdènà níbẹ̀, a sì gba ara irin bọ́ síta, bí ó ti wù kí ìta ti kún tó. Orí ẹ̀kọ́ yìí ni Robert Van de Graaff gbé ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1929. Nínú èyí tí ó tóbi jù tí ó kọ́ ní ọdún 1933, yàrá ìwádìí wà nínú kòròfo fúnra wọn, ènìyàn sì lè jókòó síbẹ̀ ṣiṣẹ́ láìséwu.

Afẹ́fẹ́ lásán a máa ya, a sì máa tàn mànàmáná bí pápá bá tó nǹkan bí mílíọ̀nù fóòtì 3 fún mítà kan. Kòròfo ròbótó tí yóò ru mílíọ̀nù fóòtì 1.7 nínú afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 57 láti àárín sí ara, àní bí kò bá sí eruku tàbí ṣónṣó kankan lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi irú ẹ̀rọ yìí sínú àgbá gáàsì mìíràn tí kì í tètè ya. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ kòròfo tí wọn kò sì mú lọ wo ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ti dù.

Òdo Pápá àti Gíga Fóòtì

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò tíì ní ìperí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun sì ni fóòtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbà pé òdo ni pápá inú kòròfo a máa kọ ọ́ pé fóòtì ibẹ̀ náà jẹ́ òdo, Yorùbá ẹ̀bá pátákó ló sì sábà fà á, nítorí olùkọ́ ti ní "kò sí nǹkan kan níbẹ̀". Òfo àti òdo kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n dán wò ni gíga. Ẹni tí ó gun orí àpáta dé òkè tí ó tẹ́jú wà ní ibi gíga, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ó bá gbé kalẹ̀ níbẹ̀ kò ní yí sí ibì kankan. Pápá ni dídagun òkè. Fóòtì ni gíga rẹ̀. Nínú ìṣirò òkè yìí, kòròfo ìta wà ní fóòtì 144, láti inú ara rẹ̀ dé ìta. Láàrin sẹ̀ǹtímítà 20 àti 10, òkè náà ga sí i ní fóòtì 270. Inú kòròfo kékeré, níbi tí kò ti sí pápá rárá, fóòtì 414 ni ó wà láti ògiri kan dé èkejì.